Téèpù irin àbí GPS ọwọ́: èwo ni kí ẹ rà tí ẹ bá fẹ́ máa wọn ilẹ̀ fúnra yín?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan. Ẹni tó bi mí kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsánlú tó fẹ́ pín oko kaṣú bàbá wọn fún àwọn àbúrò rẹ̀, ó ní kí n bá òun wá GPS kan, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń gba àmì sátẹ́láìtì láti mọ ibi tí èèyàn wà, rà kíákíá torí àwọn àbúrò ti ń fajú ro. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ti ra méjèèjì. Téèpù irin mi ti ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án, ó ti dógùn-ún díẹ̀ létí, a ṣì jọ ń lọ oko. GPS wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti yọ bátìrì rẹ̀ sínú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbìyànjú kí n má ṣègbè.

Gbogbo èyí tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ lọ kà á lára páálí. Owó: téèpù wọ́n ṣùgbọ́n apá ká a, GPS lè mú kí ìyàwó ilé bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Bátìrì: téèpù kì í jẹ bátìrì, ó tán. Òjò: ẹ nu téèpù gbẹ kí ẹ tó ká a, GPS kò ní wàhálà òjò. Èèyàn mélòó: téèpù ń fẹ́ èèyàn méjì ó kéré tán, ẹnì kan ti tó fún GPS. Ẹ fi ti èèyàn yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ti ń na okùn láti dá ààlà oko padà lẹ́yìn tí odò Náìlì bá ti kún bo ilẹ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n téèpù nìyẹn. Nígbà tó di 1620, Edmund Gunter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ṣéènì irin tirẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ bàtà 66 ni gígùn rẹ̀, ó ní ìdè 100, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì ni pé ilẹ̀ tó bá gùn ní ṣéènì 10 tó sì fẹ̀ ní ṣéènì 1, éékà kan géérégé ni, ẹ ò nílò ìṣírò tó ń fa orí fífọ́. Ṣéènì yẹn ló fà á tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin tó ń bá sọ́fíyọ̀ gbé òpá kiri inú igbó ní ṣéènìmáànù títí dòní, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mú ṣéènì dání mọ́. Herbert Macaulay tí àwa àgbà mọ ojú rẹ̀ lórí náírà kan, iṣẹ́ ẹnjiníà ló lọ kọ́ ní Plymouth, ó padà wálé ní 1893 wá ṣe sọ́fíyọ̀, kò sì sí sátẹ́láìtì kankan lókè nígbà yẹn tó máa sọ fún un pé ibí lo wà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, irin ni kí ẹ rà, mítà 30 tàbí 50. Èyí tó dà bíi rọ́bà yẹn máa ń fà tí ẹ bá fi agbára na án. Oòrùn kì í ṣe nǹkan kan fún irin: tí ooru bá fi dígírì 20 lé sí i, téèpù mítà 30 máa fi mílímítà 7 gùn sí i, ìyẹn ò tó fífẹ̀ ọmọńdinrín. Ohun tó ń jani kulẹ̀ ni òkè, àwa ará Kàbbà àti Ìjùmú ni kí wọ́n sì bi léèrè òkè. Pláànù sọ́fíyọ̀ kì í ka gígùn òkè, bí ilẹ̀ ṣe máa rí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń kọ. Tí ẹ bá tẹ́ téèpù mítà 30 sórí ilẹ̀ tó dagun ní dígírì 20, mítà 28.2 péré ni ẹ rí lórí pláànù, ìyókù ti bá òkè lọ. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé e sókè kó wà ní ọgbọọgba, ẹ so nǹkan wúwo mọ́ okùn kó fi ibi tí orí téèpù bọ́ sí hàn yín, kí ẹ máa wọn ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Igun ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi bíríkìlà tó bá sún mọ́ yín nípa 3, 4, 5, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi ìhà mẹ́ta tó gùn ní 3, 4 àti 5 mú kí igun gún régé, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti fi hàn yín.

Ó yá, GPS.

Ní 2017 mo ra ilẹ̀ hẹ́kítà méjì lẹ́yìn Kàbbà. Ìdílé tó tà á fún mi ní pláànù tó ti wà látìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, ìyẹn kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, coordinate igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà láyé, wà lára rẹ̀, ó mọ́ rekete. Ara bàbá tó yẹ kó mú mi lọ wo àwọn bíkìn, àwọn òpó sìmẹ́ǹtì igun ilẹ̀ yẹn, kò yá, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n dúró kí ara wọn yá. Èmi ò dúró. Ṣebí mo ti ní ẹ̀rọ, mo ra GPS àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan, mo tẹ coordinate sí i, mo dá wọ igbó lọ. Ọfà ojú ẹ̀ ń tọ́ mi sọ́nà títí, ó ní mo ti dé. Mo wo ilẹ̀, n ò rí bíkìn. Ẹ wo ohun tí ọgbọ́n orí mi sọ fún mi: ó ní àwọn ọlọ́jà irin àlòkù ti gbẹ́ ẹ lọ. Mo gba òṣìṣẹ́, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà ṣán igbó, a gbin ọmọ kaṣú 240 sí i, mo ya fọ́tò, mo fi sí status.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá àgbàlagbà kan dé bá mi lóko pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì tí wọn ò rẹ́rìn-ín. Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí o ro ibí?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ilẹ̀ tí mo rà ni, ẹ̀rọ ló júwe ẹ̀ fún mi." Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yẹn, ọmọ ta ni? Ṣé ó mọ bàbá mi?" Mi ò rí èsì fọ̀, ẹ̀yin náà ò bá rí.

Àṣé ẹ̀rọ ò purọ́ o, èmi ni mi ò mọ ìbéèrè tí mo bi í. Sọ́fíyọ̀ tí mo wá lọ bá, tó yẹ kí n ti lọ bá tẹ́lẹ̀, fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ pláànù, ibi tí wọ́n kọ Minna Datum sí. Bó ṣe rí nìyí. Coordinate ò kàn wà fúnra rẹ̀, ibì kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ti Nàìjíríà, òpó kan ní Minna tí wọ́n ń pè ní L40 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, orí àwòrán ayé tí wọ́n ṣírò láti ọdún 1880, Clarke 1880, ni wọ́n sì gbé e kà. GPS ní tiẹ̀, WGS84 ló ń sọ, àwòrán ayé míì ni ìyẹn, ibòmíì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ lè tẹ nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì kí ìyàtọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé yín lọ lé ní mítà 100 lágbègbè wa níbí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ sọ fún èèyàn pé ilé kẹwàá láti ọjà ni, tí òun lọ ń kà á láti ṣọ́ọ̀ṣì. Nǹkan tó dùn mí jù ni pé Minna wà nínú list datum ọ̀pọ̀ GPS ọwọ́, ẹ máa lọ sínú setup kí ẹ yí i ni, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tà á fún mi ò mọ̀, èmi náà ò béèrè.

Ìyẹn nìkan kọ́, ó tún ku ọ̀kan tó jẹ́ tiwa gan-an, ará Èkó ò ní irú ẹ̀. UTM, ètò kan tí wọ́n fi ń kọ coordinate sórí pláànù, gé ayé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní zone, dígírì 6 dígírì 6, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n gé sì ni longitude 6, ó kọjá láàárín ilẹ̀ Okun bí ọ̀bẹ! Kàbbà wà ní zone 32. Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wà ní zone 31. Easting, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ka mítà lọ sí ìlà oòrùn, ti ilẹ̀ kan ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú máa lé ní 800,000, ti Kàbbà ò ní tó 200,000, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ò sì pẹ́ kó tó gbé yín láti ibí dé ọ̀hún. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ tí kò kọ zone, kò tíì kọ nǹkan kan. Àwọn pláànù àtijọ́ kan tún wà tí kì í ṣe UTM rárá, bẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí wọ́n pín Nàìjíríà sí láyé ọjọ́un ni wọ́n lò, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi kọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn. Mo san owó ìtánràn, mo gbé ewúrẹ́ lọ, nínú kaṣú 240 tí a hú lọ sí ilẹ̀ tèmi, àwọn tó yè ò tó 60. Bàbá yẹn gan-an ló wá mú wa lọ sí ìdí pẹrẹgún kan tí bàbá tiwọn gbìn sí ààlà, a fi àdá gé koríko, bíkìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lórí rẹ̀, ó ń wò wá. Láti ibẹ̀, téèpù àti kọ́ńpáàsì la fi rí mẹ́ta yòókù, tọmọtọmọ ìdílé méjèèjì dúró, wọ́n ń wò, ẹnì kan di orí téèpù mú, ọmọ bàbá yẹn di ìdí ẹ̀ mú. Ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Téèpù ò lè bẹ̀rẹ̀ láti òfuurufú, dandan ni kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan mọ̀, ẹ sì nílò ẹlòmíì tó máa di etí kejì mú, torí náà kí ẹ tó wọn ilẹ̀ tán, gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀. GPS á jẹ́ kí ẹ dá lọ. Èmi dá lọ, ẹ ti gbọ́ bó ṣe rí.

Kí n má ṣègbè, GPS ní ibi tó ti dára. Kí ó tó di 2 oṣù karùn-ún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń ba àmì sátẹ́láìtì yẹn jẹ́ fún aráàlú, ó lè fi bíi mítà 100 ṣìnà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ ni GPS ọwọ́ ti di nǹkan gidi. Lójú ọ̀run gbalasa ó máa ń wà láàárín mítà 3 sí 5. Fún oko hẹ́kítà 10, tí ìhà kọ̀ọ̀kan tó bíi mítà 316, mítà 3 ò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ rìn yí i ká, ẹ ti mọ iye kaṣú tó máa gbà. Ṣùgbọ́n plọ́ọ̀tì 50 by 100, tó jẹ́ mítà 15.24 sí 30.48? Mítà 3 péré lára ìbú ẹ̀, ẹ ti pàdánù bíi 91 nínú 464 sikuwíà mítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàrá mẹ́fà. Lábẹ́ kaṣú tó ti di igbó, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú.

Fóònù yín: GPS kan náà ló wà nínú ẹ̀, bíi mítà 5 lójú gbangba, ẹ ti ní in, kí lẹ fẹ́ tún ra òmíràn ṣe? WGS84 ni òun náà ń sọ o, kí ẹ má baà bá mi nínú àwọn tó gbé ewúrẹ́.

Total station àti RTK, àwọn ẹ̀rọ ńlá orí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ má rà wọ́n. RTK máa ń dé orí sẹ̀ǹtímítà, ó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹni tí SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ sọ́fíyọ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti fọwọ́ sí pláànù, ohun yòówù kí ẹ fi wọn ilẹ̀, òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n máa béèrè. Ẹ gbé owó ẹ̀rọ fún sọ́fíyọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín yẹ pláànù náà wò ní ọ́fíìsì Surveyor General ní Lọ́kọ́já kí ẹ tó sanwó ilẹ̀.

Ní ti ìdájọ́, kálukú ló mọ ohun tó ń ṣe é. Tí oko yín bá ju hẹ́kítà 10 lọ, tí gbogbo ìgbà lẹ máa ń mọ ìwọ̀n oko onírúurú èèyàn, tí ẹ mọ datum, tí ẹ mọ zone, tí igi ò bo ojú ọ̀run yín, GPS dára, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ plọ́ọ̀tì ni, tàbí oko tí ọmọ ìyá fẹ́ pín, tàbí ilẹ̀ tí ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ ìdílé, téèpù irin mítà 50, kọ́ńpáàsì, àti ẹni tó mọ ààlà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú ti ra téèpù. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọn ọ́n, ó ní gbogbo àwọn àbúrò ló fẹ́ di etí kejì mú, wọ́n ti ń jà lé e lórí. GPS mi wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, mo ti yí i sí Minna, kò ní bátìrì nínú.