Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra góòlù Ítálì àtijọ́: ẹ ka òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ìkọ́ tán kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ olókùúta iyebíye láti Ítálì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó ń lò kì í pẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu rẹ̀ kì í yí. Ẹ̀gbà ìyá-ìyá òun ni. Ìlú Valenza ní Ítálì ni wọ́n ti fọwọ́ ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1955. Góòlù káràtì 18 ni, rúbì, sàfáyà àti émírádì gidi ló wà lára rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti pe nǹkan ní góòlù Ítálì lọ́dọ̀ wa, owó ti gorí owó nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin kan ní London ra ọ̀kan, ó sì gbé e wá kí n bá òun wò ó, torí góòlù àlòkù ni mo ń rà tí mo ń tà. Mi ò tíì débi òkúta tí mo ti mọ̀ pé irọ́ ńlá wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ ló tú u fó. Òǹtẹ̀ méjì wà lẹ́yìn ìkọ́ ẹ̀gbà náà. Èkíní ni 750, ìyẹn káràtì 18. Èkejì gùn tóóró, ó ní igun mẹ́fà, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lẹ́tà VI. Òfin tí ìjọba Ítálì ṣe ní 1968 ló mú ìràwọ̀ yẹn wá. Iṣẹ́ ọdún 1955 kò lè ní i láéláé. Lábẹ́ òfin 1934 tó wà ṣáájú, nọ́ńbà oníṣẹ́ àti lẹ́tà agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, láìsí ìràwọ̀. Nígbà Mussolini, olórí Ítálì nígbà náà, wọ́n tún ń fi àmì ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sí i, ìyẹn ìdì ọ̀pá tí àáké yọ lára rẹ̀, títí di nǹkan bí 1944. VI sì rèé, agbègbè Vicenza ni. Abẹ́ agbègbè Alessandria ni Valenza wà, AL ló yẹ kí a rí. Òǹtẹ̀ tí kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì ti já ọdún àti ìlú tó pè nírọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn pe gbogbo ẹrù ní àyédèrú o. Róòmù ni Sotirio Bulgari ti dá ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1884, síbẹ̀ 2337 AL ló wà lára ọ̀pọ̀ ẹrù Bulgari. Lẹ́tà yẹn ń sọ agbègbè tí wọ́n ti forúkọ oníṣẹ́ sílẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wà. AR ni Arezzo, 1 AR sì ni ti Gori àti Zucchi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1926, àwọn tí a mọ̀ sí UnoAErre lónìí. Ìwé orúkọ àwọn tó ni nọ́ńbà wọ̀nyí wà lọ́wọ́ Camera di Commercio, ìyẹn ilé ìṣòwò agbègbè kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn ló sì láǹfààní láti béèrè. Ẹ béèrè.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọkùnrin yìí pọ̀ sí nìyí: ìkọ́ yẹn, góòlù gidi ni. Ara ẹ̀wọ̀n mìíràn tó ti já ló ti gé e, tó wá jó o mọ́ ẹ̀gbà tí kò ní góòlù nínú. Nígbà tí mo fi awò wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, àwọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Nínú àwọn oríkèé tó ń fara kan ara wọn, omi wúrà ti họ, fàdákà funfun ti ń yọjú. Lẹ́yìn oríkèé tó kẹ́yìn, ẹnìkan ti ha òǹtẹ̀ kan kúrò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó rí róbótó-gígùn ṣì kù díẹ̀. Ní Ítálì, inú àmì róbótó-gígùn ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà fàdákà sí. Ti góòlù ní igun mẹ́rin, ó sì dúró lórí ṣóńṣó.

Fídíò tó máa ń fi ránṣẹ́ ńkọ́, èyí tó ń gbé irin òòfà lé ẹ̀gbà náà, tí kò lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ jọ̀ọ́, òòfà kì í fa fàdákà, kì í fa idẹ, kì í fa bàbà. Fídíò yẹn kò fìdí nǹkan kan múlẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀gbà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ X-ray tí wọ́n fi ń yẹ góòlù wò, kí ẹ sì ní kó dojú ẹ̀rọ kọ oríkèé àárín. Tó bá jẹ́ ìkọ́ nìkan ló yẹ̀ wò, 750 ni yóò sọ fún yín, ẹ ó sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Àwọn òkúta náà ò gbẹ́yìn. Dígí ni àwọn aláwọ̀ ewé tó pè ní émírádì, atẹ́gùn há sínú wọn. Rúbì ni àwọn pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi iná ṣe ni: ìlà inú wọn tẹ̀ kọrọdọ, bẹ́ẹ̀ gbọọrọ ni ìlà inú rúbì tí wọ́n wà jáde látinú ilẹ̀. Verneuil, ará Faransé, ti kéde ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é láti 1902, nítorí náà bí ẹ̀gbà kan bá tilẹ̀ pẹ́ lóòótọ́, òkúta rẹ̀ lè jẹ́ àtọwọ́dá. Ìwé ẹ̀rí tó fi ránṣẹ́ kò ní nọ́ńbà tí a lè yẹ̀ wò, ó sì kọ iye owó sínú rẹ̀. GIA, àjọ tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, kì í díye lé ohunkóhun.

Ìyá-ìyá mélòó lèèyàn ní? Ìdí tí gbogbo ẹ̀gbà fi jẹ́ ti ìyá-ìyá rẹ̀ ni pé òfin Yúróòpù fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Tó bá jẹ́ pé ẹni lásán ló ń ta ohun ìní ìdílé rẹ̀, òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún ní kí àbúrò mi sanwó bí ẹni ń ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Kò gbà, káàdì ló lò, òun ló sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ káàdì bá a gba owó rẹ̀ lẹ́yìn tó dá ẹ̀gbà padà.

Ẹ̀gbà náà ti padà sórí àtẹ. Òkúta aláwọ̀ ewé kẹta láti ibi ìkọ́ ti ṣán létí, ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ó ti sọ pé iṣẹ́ ọdún 1940 ni báyìí, owó rẹ̀ sì ti lé sí i. Ìràwọ̀ ṣì wà níbẹ̀.