Káfíńtà tó ṣe ọ̀nà sókè àjà wa: mo fún un ní 4 nínú 5

Ká sọ tòótọ́, ọ̀gá káfíńtà yìí mọṣẹ́, máàkì kan péré ni mo yọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Fún ẹni tí ò tíì gun òkè àjà rí, sílìn tẹ́ ẹ̀ ń wò láti ìsàlẹ̀ yẹn ò lè gbé èèyàn o, igi tó gbé e dúró nìkan lẹ lè tẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ ti yọ sí pálọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, oníná máa gòkè torí wáyà, ẹni tó ń tún páànù tó ń jò ṣe náà máa gòkè, ìyẹn la ṣe ní kó bá wa to pákó látẹnu ihò tá à ń gbà gòkè títí dé ìpẹ̀kun.

Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé kò gbé odindi pílíwúùdù dé ẹnu ihò kó wá máa bá a jà. Fíìtì 4 sí 8 ni odindi, ihò wa ò gbà á, ló bá là á gígùn sí méjì nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá fẹ̀ ní fíìtì 2, ìyẹn sì tó rìn tòun ti báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́. Igi sílìn sábà máa ń jìnnà síra ní ínṣì 16 tàbí 24, fíìtì 8 sì jẹ́ ínṣì 96, méjèèjì ló pín in géérégé, torí náà ẹnu pákó á bọ́ sórí igi láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Tiwa jẹ́ 16, ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kó tó gbé ayùn rárá.

Sukúrúù ló lò, kò kan ìṣó kankan. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní "Ọ̀gá mi, tí mo bá ń gbá hámà lókè yìí sílìn yín á là nísàlẹ̀." Yàtọ̀ síyẹn, tí oníná bá fẹ́ wo wáyà tó wà lábẹ́ pákó lọ́la, ṣe ló máa tú u, tó bá ṣe tán á dè é padà.

Fáíbà tó ń dá ooru dúró náà, kò tẹ̀ ẹ́ pa (tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ agbára ẹ̀ máa ń dín kù ni o, ọ̀pọ̀ káfíńtà ò sì bìkítà), ṣe ló fi igi 2 by 4 lé orí igi sílìn kọ̀ọ̀kan kí pákó lè ga sókè díẹ̀. Ó tún yàgò fún àwọn iná tó wọnú sílìn torí wọ́n máa ń gbóná, kò sì dí etí òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Ó wá ku pákó tó gbẹ̀yìn. Ẹnu ẹ̀ ò débi igi kankan, ó kàn yọ sínú afẹ́fẹ́ láàárín igi méjì, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìdí kejì gbéra nílẹ̀, ó di jáńgíróvà! Mo pè é, ó ní kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ibẹ̀ gan-an ni páànù ti máa ń jò! Àríyànjiyàn yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó wá fi igi kan há a lábẹ́. Ìyẹn ló jẹ máàkì tí mo yọ.

Ìyàwó mi ti ń wo ibẹ̀ bíi sítọ̀ báyìí, ó ti yọ páálí ìwé àtijọ́ jáde, mo ní rárá o, wọn ò ṣe igi yẹn fún ẹrù wúwo, èèyàn tó ń kọjá lọ ni wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá máa gbé iṣẹ́ báyìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ gòkè lọ fọwọ́ tẹ ẹnu pákó kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún un.