Mo ti ṣe yóga fún oṣù márùn-ún, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí lára mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ẹsàsáìsì o. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa lásán, ńṣe ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tó gbé mi dé ìdí yóga ni pé láti bí oṣù kejì ọdún yìí ni mo ti ń jí ní aago kan òru láìsí pé ẹnì kan pè mí, àyà mi á máa já, màá wá dùbúlẹ̀ máa ṣírò owó ilé, owó iléèwé àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀, títí ilẹ̀ á fi fẹ́ mọ́. Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn kọ́sítọ́mà ti ń wá fẹjọ́ sùn, ìyẹn ni pé láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń bú mi lórí tiransífà tí kì í ṣe èmi ni mo gbé e mì. Ìkòròdù ni mò ń gbé, Victoria Island ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, 142/91, ó ní kò tíì tó oògùn àmọ́ kí n wá nǹkan tó máa jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Kí ara balẹ̀, ní Èkó?

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ sí kíláàsì kan ní Sùúrùlérè, Sátidé Sátidé, aago méje ààbọ̀. ₦5,000 ni ẹ̀ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá san ti oṣù lẹ́ẹ̀kan náà ₦16,000. Mo rò pé wọ́n máa ní ká fi ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn bí àwọn tó ń ya fọ́tò sí Instagram. Rárá. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Iyengar ni, orúkọ bàbá ará Íńdíà kan ni, B.K.S. Iyengar, tó kú ní 2014 lẹ́ni ọdún 95. Ọlọ́kùnrùn gbáà ni bàbá yìí lọ́mọdé, ibà rèé, ikọ́ ẹ̀gbẹ rèé, àìlera yẹn ló gbé e dé ìdí yóga, bóyá ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń ro ti ẹni tí ara ẹ̀ ti le gan. Ẹ máa lo àga, ìgbànú, búlọ́ọ̀kù onípákó, ibi tí ọwọ́ yín ò bá dé, wọ́n á bá yín dé e. Nílé, ọ̀já tí mo fi pọn àbíkẹ́yìn mi ni ìgbànú tèmi, màá fi kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, màá di etí ẹ̀ méjèèjì mú, màá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ó dáa ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ.

Ẹ̀rín pọ̀ ńbẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní chaturanga, bàbá kan wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣebí ìdọ̀bálẹ̀ nìyí, mo ti ń ṣe èyí fún àwọn àna mi láti 1998." Kíláàsì dà rú. Malasana náà, ìlósòó lásán ni, bí màmá àgbà ṣe ń lósòó ti ìdí ààrò fẹ́ iná. Èmi tí mo ti jókòó sórí àga báǹkì fún ọdún méjìlá, ìṣẹ́jú kan péré, mo ti ṣubú sẹ́yìn.

Àmọ́ kì í ṣe títẹ̀ àti nínà yẹn ló bá mi ṣe é. Mímí ni. Tíṣà ní ká fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ká wá iṣan tó ń lù níbẹ̀, ká fa èémí títí a ó fi ka mẹ́rin, ká tú u sílẹ̀ títí a ó fi ka mẹ́jọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń yí padà lábẹ́ ìka mi! Tí mo bá ń fà á sínú, iṣan yẹn á sáré, tí mo bá ń tú u sílẹ̀, á máa lù jẹ́jẹ́. Ó ní iṣan mìíràn wà, kì í ṣe èyí tó ń lù yẹn, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọkàn àti ikùn, vagus lorúkọ ẹ̀, òun ló ń tẹ bíréèkì fún ọkàn. Mo ti ń mí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kankan ò sọ fún mi pé mo ní bíréèkì. Báyìí, tí bọ́ọ̀sì bá dúró gbagidi lórí Third Mainland tí kọ̀ńdọ́ ń bá ẹnì kan fa ṣéńjì, ìka mi ti wà lọ́rùn ọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkùnrin kan lu káńtà mi gbàà, ó ní olè ni gbogbo wa, mo ka mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dá a lóhùn. Ó ṣì ń pariwo o, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Ìyá mi ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ṣé òrìṣà àwọn ará Íńdíà ni mo fẹ́ lọ máa bọ ni. Mi ò parọ́ fún wọn, inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yóga ti jáde lóòótọ́, àmọ́ ní kíláàsì wa namaste nìkan la máa ń sọ ká tó tú ká, ìyẹn ni pé mo tẹrí ba fún ọ, ìkíni ṣáà ni. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá gbà á kó má lọ. Ọjọ́ tí màmá ṣílẹ̀kùn tí wọ́n bá mi nílẹ̀, tí mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe Jésù.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó: aago méje ààbọ̀ tí mo wí yẹn, mẹ́jọ ku díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. June 21, ọjọ́ tí àjọ UN yà sọ́tọ̀ fún yóga ní 2014, wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, èrò pọ̀ débi pé ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì wà létí mi. Ẹnì kan tó wá dípò tíṣà wa lọ́jọ́ kan fi orúnkún ti ẹ̀yìn mi kó lè tẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń rìn bí arúgbó, torí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ti yín, ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó lóyún, kó sọ fún tíṣà kó tó tẹ́ ẹní.

Ìfúnpá mi ti di 131/84, mo tún dín iyọ̀ kù, mi ò mọ èyí tó ṣe é jù. Owó ilé ò tíì pé. Àmọ́ oorun ti ń gbé mi dé aago mẹ́rin tí álààmù ń dún.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, àmọ́ shavasana tá a fi ń kádìí ẹ̀, tí wọ́n ní ká dùbúlẹ̀ gbalaja bí òkú, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.