Twinmotion: fídíò tí a fi han àwọn ọlọ́jà kí a tó gbẹ́ ilẹ̀

Ẹni tó bá ti tẹ́ ìwé àwòrán iṣẹ́ sílẹ̀ níwájú àwọn ará àdúgbò rí yóò mọ̀ pé ìlà àti ìṣirò inú rẹ̀ kì í yé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, ohun tí kò sì yé èèyàn kì í tètè fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí èmi àti àwọn tí a jọ ń yàwòrán ilé fi lo Twinmotion nígbà tí a ń ṣètò àtúnṣe ọ̀nà ọjà kan àti gọ́tà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni Twinmotion. Ọdún 2019 ni Epic Games ti Amẹ́ríkà rà á lọ́wọ́ Abvent, ilé-iṣẹ́ àwọn Faransé.

Ó ń gba iṣẹ́ tí a ti yà nínú Revit, SketchUp tàbí Archicad, àwọn ètò tí a fi ń yàwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ọ́ di fídíò tí òǹwòran yóò fi dà bí ẹni tó ń rìn ní òpópónà náà. Bí a bá sọ ibi tí iṣẹ́ wà fún un, tí a sì yí aago rẹ̀ láti òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, òjìji á máa yí bí oòrùn ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ti rí i pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò máa pa ọjà àwọn tí ìsọ̀ wọn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a sì fi ìbòrí kún ìsọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù ni Phasing, tó ń fi iṣẹ́ hàn ní ìpele-ìpele. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọjà tó ti parí, tó ń dán, nìkan ni a fi hàn. Ìyálọ́jà wò ó tán, ó ní, “Ó dára o, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n níbo la ó ti máa tajà títí ẹ ó fi ṣe é tán?” A kò ní èsì. Nígbà tí a padà wá, a fi hàn wọ́n bí a ó ṣe gbẹ́ apá kan ọ̀nà, tí apá kejì yóò wà ní ṣíṣí, àti ibi tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣí lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Bàbá àgbà kan, tí kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, ní kí a jẹ́ kí òjò rọ̀ nínú fídíò náà. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ilẹ̀ sì tutù, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn gbangba pé Twinmotion kì í ṣírò bí àgbàrá yóò ṣe ṣàn: àwòrán lásán ni omi inú rẹ̀. Ìṣirò ẹnjiníà ni a fi dáhùn, a sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Ẹ̀tàn ni kí ayàwòrán fi omi fídíò ṣe ẹ̀rí pé gọ́tà yóò tó.

Láti ọdún 2024, ọ̀fẹ́ ni Twinmotion fún ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí graphics card rẹ̀, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde, lágbára ló lè gbé e.

A fi fídíò ìpele àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Òun ni wọ́n gbé jáde níwájú agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí a fi hàn wọ́n, ó sì dí ibẹ̀ padà.