Alien: Isolation: géèmù ẹ̀rù tí mi ò tíì rí èyí tó jù ú lọ

Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń pe ara ẹ̀ ní géèmù ẹ̀rù, ẹ máa wọ inú ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó rí i pé ariwo lásán ni, nǹkan kan á kàn fò jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn á figbe ta, àyà yín á já, kò ní pẹ́ ẹ ti gbàgbé. Èmi ò ka ìyẹn sí ẹ̀rù o. Ẹ̀rù tí mò ń sọ ni èyí tó jẹ́ pé nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ rárá, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, síbẹ̀ ọwọ́ yín ò gbà láti ti pádì síwájú. Mo ti gbá Outlast, mo ti gbá Amnesia, mo gbá Resident Evil 7 parí, gbogbo wọn ló dáa, ṣùgbọ́n Alien: Isolation nìkan ló mú mi báyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti sọ ọ́ dáadáa fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kóun rà á àbí kóun má rà á.

Oṣù kẹwàá ọdún 2014 ló jáde. Creative Assembly tó wà ní Horsham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, Sega ló gbé e síta. Ẹni tó bá mọ Total War á mọ orúkọ yẹn, géèmù ogun tí wọ́n ti ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun sójú pápá, ta ló máa rò pé àwọn náà ló máa ṣe géèmù tó jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Inú fíìmù Alien ti ọdún 1979 ni ìtàn ẹ̀ ti yọ. Ellen Ripley tó wà nínú fíìmù yẹn bá ọkọ̀ Nostromo lọ sójú òfuurufú kò sì padà wálé, bẹ́ẹ̀ ó ti bí ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Amanda. Amanda yìí lẹ máa jẹ́. Ó ti dàgbà, ó ti di ẹnjiníà, ọdún 2137 ni, ọdún 15 lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ sọnù, wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n ti rí àpótí tó ń gba ohùn àti ìròyìn sílẹ̀ nínú Nostromo, pé ó wà ní Sevastopol, ibùdó ràgàjì kan tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ kìkì gáàsì po. Ó débẹ̀, ibẹ̀ ti dàrú, iná ń ṣẹ́jú, àwọn èèyàn tó ṣẹ́kù ń yìnbọn fún ara wọn, nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tó ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn pé ọmọ tó ń wá ìyá ẹ̀ ni, kì í ṣe sójà, kì í ṣe akọni kankan, gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe mí bíi kí n pa géèmù náà kí n lọ sùn, ìyá yẹn ló máa ń mú mi tẹ̀ síwájú.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí Alien fúnra ẹ̀, ẹ̀dá abàmì tó ń pa àwọn èèyàn yẹn. Ó ga, orí ẹ̀ gùn sẹ́yìn, ìrù ẹ̀ mú ṣáṣá, ìbọn ò pa á, ìgò oníná ò pa á, kò sóhun ìjà tẹ́ ẹ máa rí gbé níbẹ̀ tó lè pa á. Tó bá ti rí yín tó sì sáré, ó tán. Àmọ́ èyí tó ga jù ni bí wọ́n ṣe fún un lọ́gbọ́n. Ọpọlọ méjì ló ń darí ẹ̀. Ọ̀kan mọ ibi tẹ́ ẹ wà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kò ní sọ ojú ibẹ̀ gan-an fún Alien, á kàn máa tì í wá sí sàkáání yín, tó bá sì ti dẹ́rù bà yín dé ìwọ̀n kan á ní kó kúrò díẹ̀ kẹ́ ẹ lè rọ́nà mí. Èkejì ni ti Alien alára, ìyẹn ò mọ nǹkan kan àfi ohun tó bá fojú rí tàbí tó fetí gbọ́. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò ní ojú ọ̀nà kan pàtó tó ń gbà. Nínú géèmù mìíì, tí mo bá kú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta síbì kan, mo ti mọ ibi tí ọ̀tá máa ń yà sí àti ìgbà tó máa yíjú padà, ẹ̀rù tán nìyẹn, ó ti di ìṣirò. Níbí ẹ̀wẹ̀, ẹ kú, ẹ padà wá sí yàrá kan náà, ẹ̀yìn yín ló gbà wọlé. Ẹ tún padà wá, kò yọjú rárá, ẹ dúró títí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn ń dún lókè àjà. Kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ há sórí.

Ìpele karùn-ún, nínú ọsibítù San Cristobal, ni gbogbo èyí ti kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ wá káàdì dókítà kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, yàrá pọ̀, Alien ti sọ̀ kalẹ̀ ó ń rìn káàkiri, gbì, gbì, gbì. Ẹ ní tírákà lọ́wọ́ o, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fi àmì hàn tí nǹkan bá ń rìn, ẹ sì máa rò pé ìyẹn á gbà yín. Rárá. Tí Alien bá dúró jẹ́ẹ́, kò ní hàn. Kò ní sọ fún yín bóyá òkè ló wà àbí ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sójú, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á di bàìbàì, kẹ́ ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wò nínú tírákà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí Alien bá wá sún mọ́ yín jù, ohùn píì píì tí tírákà ń ké yẹn, òun náà ń gbọ́ ọ. Ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ ọ lè tú àṣírí yín fún un, ta ló rò ó débẹ̀ yẹn?

Mo kó sínú lọ́kà kan níbẹ̀. Ó wọlé, ó kọjá, ó tún padà. Bí ológbò ṣe ń ṣe fún eku tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ṣe fún mi, ó gbé orí sún mọ́ ihò tóóró ara ilẹ̀kùn lọ́kà yẹn, ó ń gbóòórùn, géèmù ní kí n fà sẹ́yìn kí n di èémí mú, mo di bọ́tìnì mú, tẹ́ ẹ bá sì dì í pẹ́ jù ó ń jẹ nínú ẹ̀mí yín, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jọ̀ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ, ó já ilẹ̀kùn nìyẹn. Èmi tí mo jókòó sórí àga gan-an ò mí.

Ohùn ni ìdajì iṣẹ́ géèmù yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ohùn tẹlifíṣọ̀n gbá a, ẹ wá íápíìsì tó dáa. Pẹ̀lú íápíìsì lẹ máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó ń sáré nínú ihò afẹ́fẹ́ lókè àti ìgbà tó ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá ń bínú, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá ti sú u tó fẹ́ lọ. Ẹ máa wòkè náà o, tẹ́ ẹ bá rí itọ́ tó ń kán láti ihò àjà, ó wà níbẹ̀ ó ń dúró, ẹ gba ibòmíì.

Ọ̀rọ̀ sééfù, ìyẹn títọ́jú ibi tẹ́ ẹ gbá a dé pamọ́, ni ọ̀pọ̀ ń bá géèmù yìí jà lé lórí. Láàárín ìpele, kì í dédé sééfù fúnra ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ kan lára ògiri, ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá dúró kí iná ara ẹ̀ tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kó tó gbà. Alien lè pa yín níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró yẹn. Fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún lé kan, torí tí iná bá lọ tí kò sí ínfátà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fi ẹ̀rù àti òógùn kó jọ láti sééfù tó kọjá ti wọmi, torí náà ìgbà tí bátìrì bá kún nìkan ni mo máa ń gbá a. Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ibi tí ẹ̀rù yẹn ti ń wá gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ kú tán ẹ jí síbi tẹ́ ẹ ti kú, kí lẹ tún ń sá pamọ́ fún?

Ohun ìjà wà ṣá. Ìbọn oníná máa ń lé Alien sá, ṣùgbọ́n epo inú ẹ̀ kì í tó, tó bá sì ti rí iná yẹn léraléra, kì í sá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ aláriwo lèmi fẹ́ràn, ẹ jù ú síbi tí àwọn èèyàn tó ń wá yín pẹ̀lú ìbọn wà, Alien á gbọ́, á bọ́ sílẹ̀ sáàárín wọn, ẹ ó gbọ́ igbe wọn láti yàrá kejì. Kò dùn mọ́ mi nínú láti ṣe é, ẹ̀rù ń ba àwọn yẹn náà, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Àwọn Working Joe tún wà, rọ́bọ́ọ̀tì olójú funfun báláú tí kò nírun lórí, wọn kì í sáré, wọn kì í pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti òṣìṣẹ́ báńkì ni wọ́n fi ń bá yín sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún yín lọ́rùn.

Bí ibẹ̀ ṣe rí ńkọ́? Ọjọ́ ọ̀la ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀la bí àwọn èèyàn 1979 ṣe rò ó, tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà, bọ́tìnì ńláńlá, kásẹ́ẹ̀tì. Ibi ìpamọ́ 20th Century Fox, ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù yẹn nígbà náà, ni wọ́n ti rí àwòrán àti ohùn tó wà láti ìgbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù yẹn, tẹ́ ẹ bá sì rí bí ojú àwọn kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ṣe ń wárìrì, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò gidi ni wọ́n gbà á sí kí wọ́n tó dà á padà sínú géèmù. Ohùn Sigourney Weaver, òṣèré tó ṣe Ellen Ripley nínú fíìmù yẹn, náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n gba ibẹ̀ gbọ́, tí mo bá sì ti gba ibì kan gbọ́, ẹ̀rù ibẹ̀ á bà mí.

Àléébù ẹ̀ wà o. Ó gùn jù. Bíi wákàtí 20 ni, bíi wákàtí mẹ́rin sì wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń rán yín lọ rán yín bọ̀, ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀ níbí, ó bàjẹ́, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, lífítì ò ṣiṣẹ́. Ẹ ó rò pé ó ti parí, kò tíì parí. Ibì kan tún wà láàárín tó jẹ́ pé rọ́bọ́ọ̀tì ló pọ̀ ju Alien lọ, ẹ̀rù dín kù níbẹ̀ gan-an. Ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ náà le gbagidi tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ìparí ẹ̀ sì já mi kulẹ̀, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ rà á, dísìkì PS4 àlòkù ẹ̀ kì í wọ́n, kọ̀ǹpútà tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára náà sì ń gbé e, torí ó ti pẹ́. Láti ìparí 2021 ló ti wà lórí fóònù, Feral Interactive ló gbé e débẹ̀, odindi ẹ̀ ni, kì í ṣe gékù, àmọ́ ó ń jẹ àyè, ó ju gígá 10 lọ. Tẹ́ ẹ bá ní kámẹ́rà PlayStation lórí PS4, ẹ lè jẹ́ kí Alien máa gbọ́ ariwo inú yàrá yín, ẹ wúkọ́, ó gbọ́. Èmi gbìyànjú ẹ̀, mo sì tètè pa á. Ẹni tí ẹ̀rù bá tètè ń bà lè yan Novice, ìwọ̀n líle tó fúyẹ́ jù, ẹni tó bá sì ti gbá a parí kó lọ wo Nightmare, èyí tó le jù, níbi tí máàpù ò ti sí tí tírákà gan-an ti bàjẹ́. Ọmọdé ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ti ẹni ọdún 18 sókè ni.

Wọ́n ti kéde ní oṣù kẹwàá 2024 pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìkejì ẹ̀. Kí wọ́n dín ìrìn lọ rìn bọ̀ yẹn kù, kí wọ́n tún ìparí ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ sééfù yẹn rárá.