Rísífà méjì gidi àbí VFO méjì: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀ ra rédíò ham (rédíò àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá), ẹ jẹ́ ká yanjú nǹkan kan ná. VFO A àti VFO B (ibi tẹ́ ẹ ti ń to fíríkúẹ́ńsì) tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú rédíò kì í ṣe rísífà méjì (apá tó ń gbọ́ síginà) o! Ẹ lè to fíríkúẹ́ńsì méjì síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ etí kan ṣoṣo ni rédíò yẹn ní. Bí rédíò IC-7300 àti FTDX10 ṣe rí nìyẹn. IC-7610 àti FTDX101D ní etí méjì, wọ́n lè gbọ́ báńdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú pile-up (ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe stéṣọ̀n kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà) lẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Ká ní stéṣọ̀n DX kan (stéṣọ̀n ọ̀nà jíjìn) wà lórí 14.195 MHz, ó wá ní "up 5 to 10" (kHz 5 sí 10 lókè), ìyẹn ni pé láàárín 14.200 sí 14.205 ló ti ń gbọ́ àwọn tó ń pè é. Tó bá jẹ́ IC-7300 lẹ ní, ẹ máa tan split (kẹ́ ẹ máa gbọ́ lórí fíríkúẹ́ńsì kan, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí òmíràn), ẹ ó wá di bọ́tìnì XFC mú kẹ́ ẹ lè gbọ́ ibi tí àwọn tó ń pè é wà, ẹ ó máa yí kókó fíríkúẹ́ńsì kiri, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti di bọ́tìnì yẹn mú ẹ ò gbọ́ DX fúnra ẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ló máa pe call sign yín (orúkọ tí wọ́n fi ń mọ̀ yín lórí afẹ́fẹ́) tó sì máa kọjá lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Tó bá jẹ́ rísífà méjì, DX wà létí òsì, àwọn tó ń pè é wà létí ọ̀tún (ẹ lo hẹ́dfóònù o, sípíkà kan ṣoṣo máa da ohùn méjèèjì pọ̀). Ẹ máa yí ti ọ̀tún títí tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn "five nine" (pé síginà ń wọlé dáadáa), ibẹ̀ lẹ máa pè, tàbí kẹ́ ẹ sún sókè díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i pé òkè ló ń lọ.

Ti diversity náà wà: áńtẹ́nà méjì, fíríkúẹ́ńsì kan náà, tí síginà bá ń kú lórí ọ̀kan, èkejì lè ṣì gbé e. K3 tó ní KRX3 (rísífà kejì ẹ̀) nínú ń ṣe é, K4D náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rédíò onírísífà méjì ló lè ṣe é, ẹ béèrè dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ "dual watch" o. Lórí UV-5R, rísífà kan ló ń fò síwá sẹ́yìn láàárín fíríkúẹ́ńsì méjì, tó bá ti dúró síbì kan kò gbọ́ èkejì mọ́. Lórí IC-756PROIII ó ń gbọ́ méjì lóòótọ́, àmọ́ báńdì kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Lórí IC-7610, orúkọ yìí kan náà, rísífà méjì gidi ni. Nítorí náà ẹ má béèrè bóyá ó ní dual watch, ẹ béèrè bóyá ó lè gbọ́ báńdì méjì pa pọ̀, àti bóyá ìkọ̀ọ̀kan ní fọ́lúùmù, fílítà àti ojú áńtẹ́nà tiẹ̀.

Sátẹ́láìtì lẹ fẹ́ ṣe? IC-9700 ni, ó ń gbọ́ báńdì kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí òmíràn.

Tó bá jẹ́ FT8 (fífi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ kúkúrú) àti ìtàkùrọ̀sọ lẹ máa ń ṣe, ẹ ra onírísífà kan, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ṣe áńtẹ́nà, mo dúró lórí ìyẹn gbọin. Àwọn kan máa ń fi SDR kékeré (rísífà tó ń lo kọ̀ǹpútà) ṣe rísífà kejì, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ fi swíìsì tó ń gé e kúrò lára áńtẹ́nà nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbára rédíò yín máa jó o.