Páànù alumíníọ̀mù 0.55 lórí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ

Bí ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì kan bá ń wá páànù tí wọn yóò fi pààrọ̀ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wọn, ì báà jẹ́ ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, 0.55 ni kí wọ́n rà. Mìlímítà tí páànù nípọn tó ni nọ́ńbà yẹn. Owó 0.45 kéré, ó sì dára fún ilé gbígbé, ṣùgbọ́n òrùlé kíláàsì kì í sinmi: bí bọ́ọ̀lù bá há sókè, ẹnìkan á gùn ún lọ mú un. 0.45 á tẹ̀ wọnú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi òjò á máa dúró síbẹ̀, ojú ìṣó tó wà nítòsí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ má fi ojú mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀dà ń mú kí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dà bí èyí tó nípọn. Ẹ gbé ẹyọ kan sórí òṣùwọ̀n níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n gé ní mítà 6 lára kọ́ìlì, ìyẹn alumíníọ̀mù tí wọ́n ká jọ bí ẹní, tó fẹ̀ ní mítà 1.2 gbọ́dọ̀ tó kílò 10.5. Bí ó bá wọn kílò 9, 0.45 ni wọ́n ń tà fún yín.

Ilé oníkíláàsì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 7, tó sì ní fàráńdà mítà 2, yóò gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 300. Ẹ fi 15 kún un fún èyí tí gígé yóò fi ṣòfò.

Fífúyẹ́ páànù yìí ni oore rẹ̀, òun náà ni ewu rẹ̀. Gbogbo òrùlé yẹn kò wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá lọ, ìjì òjò àkọ́rọ̀ sì lè gbé e lọ. Igi orí ògiri ni ẹ gbọ́dọ̀ dè mọ́lẹ̀, kí irin 10 mm ti inú kọnkéré jáde ní mítà 1.2 síra wọn láti dì í mú. Kí igi tí páànù ń sùn lé má jìnnà síra ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, kó sì sún mọ́ra sí i létí òrùlé. Ìṣó onírọ́bà ni, orí ìgbì páànù ni kí wọ́n kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ẹ sọ fún bíríkìlà pé kó má ta sìmẹ́ńtì tútù sí i lára. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù.

Owó gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òfin 1267 nínú ìwé òfin ìjọ Kátólíìkì sọ pé ọrẹ tí a bá mú wá fún iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà nìkan la lè fi ṣe. Nítorí náà, bí Fádà bá kéde pé “owó páànù” ni, tí wọ́n wá ṣí òrùlé, tí ikán ti jẹ igi tán, ibo ni owó igi yóò ti wá? “Òrùlé, igi rẹ̀ àti àjà rẹ̀” ni kí wọ́n kọ sára àpòòwé. Àwọn sẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sì fẹ́ràn láti gbé páànù wá fúnra wọn. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ti sẹ́ẹ̀tì kan lè má bá ti èkejì mu, ìgbì wọn kò ní wọnú ara wọn, omi á sì gba àárín wọlé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú owó wá, kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lára kọ́ìlì kan náà.

Ìjọ tó bá ń ṣe ìkórè ní oṣù Nòfẹ́ńbà lè ṣiṣẹ́ yìí nínú ọlidé Kérésìmesì, nígbà ọyẹ́, kó sì parí kí ìjì Máàṣì tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí páànù àtijọ́ kúrò títí owó igi, ìṣó àti káfíńtà yóò fi pé lọ́wọ́.

Àléébù rẹ̀ kan wà: ariwo. Bí òjò bá ń rọ̀, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kò ní gbọ́ olùkọ́. Àjà ló ń dín in kù. Bí owó àjà kò bá tó fún kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.